Ta ni ó ń ṣe fítámì inú oúnjẹ wa? Ìtàn B12 àti àwọn òṣìṣẹ́ àìfojúrí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí ó bá ń wo ìyá arúgbó níbi tí ó ti ń fi ewé bo irú mọ́lẹ̀ nínú igbá yóò rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà nídìí iṣẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú igbá náà ní òru pọ̀ ju gbogbo ará ìlú lọ, ojú lásán kò sì lè rí ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní bakitéríà. Àwa a máa pè wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí. Orúkọ burúkú ni orúkọ yìí ní etí ọ̀pọ̀ wa, nítorí pé inú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa pé kí á fọ ọwọ́ kí á tó jẹun. Ẹ̀kọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n apá kejì ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ lónìí: bí àwọn ènìyàn ṣe wá mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ni ó ń ṣe fítámì sínú oúnjẹ, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní B12.

Nínú gbogbo fítámì, B12 dá yàtọ̀. Ewébẹ̀ kò lè ṣe é, èso igi kò lè ṣe é, ẹranko kò lè ṣe é, ènìyàn náà kò lè ṣe é. Bakitéríà àti àwọn ìbátan wọn díẹ̀ tí àwọn náà kéré bíi wọn nìkan ni ó mọ iṣẹ́ náà. Bí a bá rí i nínú ẹ̀dọ̀ màlúù, kì í ṣe màlúù ni ó ṣe é; àwọn kòkòrò tí ń gbé inú ikùn rẹ̀ ni wọ́n ṣe é, tí màlúù sì kó o pamọ́ sí ẹ̀dọ̀. Ohun tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ kò ju máíkírógíráàmù 2.4 lọ. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé gíráàmù kan ṣoṣo, tí kò tó ìwọ̀n ìpín mẹ́rin ṣíbí ìpotíì kan, yóò tó ẹnì kan fún ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá rí ìwọ̀nba kékeré yẹn, ikú ni ó ń bá ṣeré.

Ní ọdún 1849, ní Lọ́ńdọ̀n, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Thomas Addison, ti ilé ìwòsàn Guy's, ṣàpèjúwe àìsàn kan tí kò rí ìdí rẹ̀. Àwọn tí àìsàn náà ń ṣe a máa funfun lójú, àárẹ̀ a mú wọn débi pé òkè kékeré a di ohun ńlá lójú wọn. Ahọ́n wọn a máa ta wọ́n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn a máa ṣe wọ́n bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, nígbà tí ó bá sì pẹ́, ẹsẹ̀ wọn kò ní gbà láti gbé wọn mọ́. Kò sí egbò lára wọn, ẹ̀jẹ̀ kò dà lára wọn, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ń tán lọ. Wọn a kú láàárín ọdún díẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ apani ni a lè pè é ní èdè wa. Fún ohun tí ó ju 70 ọdún lẹ́yìn ìgbà tí Addison sọ̀rọ̀, kò sí oníṣègùn kan ní gbogbo àgbáyé tí ó rí oògùn rẹ̀.

Ara ajá ni ìmọ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ yọ. George Whipple, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, a máa fa ẹ̀jẹ̀ lára ajá títí yóò fi rẹ̀ wọ́n, lẹ́yìn náà a fún wọn ní oúnjẹ oríṣiríṣi kí ó lè mọ èyí tí yóò tètè dá ẹ̀jẹ̀ wọn padà. Ẹ̀dọ̀ ni ó ta oúnjẹ yòókù yọ. (Nígbà tí ó yá ni àwọn onímọ̀ rí i pé irin tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀ ni ó ṣe àwọn ajá náà lóore, kì í ṣe B12. Àṣìṣe oníre ni.) Àwọn méjì ní Boston, George Minot àti William Murphy, gbọ́ ohun tí Whipple rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀dọ̀ bọ́ àwọn tí àìsàn Addison ń ṣe. Ní 1926 wọ́n kéde àbájáde iṣẹ́ wọn lórí aláìsàn 45. Àwọn tí a ti ń retí ikú wọn dìde lórí ibùsùn. Minot fúnra rẹ̀ kì bá má ti wà láyé láti rí i, nítorí alárùn àtọ̀gbẹ ni, ínsúlíìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí ni ó sì gbà á lọ́wọ́ ikú ní 1923. Ní 1934, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò aláìsàn náà. Ẹ̀dọ̀ tí ó tó ìdajì pọ́n-ùn, lójoojúmọ́, títí ayé, ẹ̀dọ̀ tí iná kò fi bẹ́ẹ̀ kàn. Àwọn kan sọ pé àwọn yóò kúkú kú.

Ìbéèrè tí William Castle, oníṣègùn mìíràn ní Boston, bi ara rẹ̀ ni pé: kí ló dé tí ẹni tí ara rẹ̀ le kò nílò láti jẹ ẹ̀dọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ó ní láti jẹ́ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn onílera tí kò ṣẹlẹ̀ nínú ikùn aláìsàn. Ohun tí ó ṣe láti dá ìbéèrè náà lóhùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, ìtàn ni mo ń sọ. Yóò jẹ ẹran màlúù lílọ̀ ní nǹkan bí 300 gíráàmù, yóò dúró fún wákàtí kan, yóò pọ̀ ọ́ padà, yóò tọ́jú rẹ̀ sínú ooru títí yóò fi di omi, yóò sì fi rọ́bà tín-ín-rín rọ ọ́ sínú ikùn aláìsàn. Ẹran lásán kò ran aláìsàn náà lọ́wọ́. Omi ikùn lásán kò ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí méjèèjì pàdé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ní 1929 ni ó gbé e jáde pé nǹkan méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀: ọ̀kan wà nínú oúnjẹ, ikùn ń ṣe èkejì. Ti inú oúnjẹ ni B12. Ti inú ikùn ni ó dà bí ìránṣẹ́ tí ń mú un wọlé láti inú ìfun; ìránṣẹ́ yìí ni aláìsàn Addison kò ní.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ Lucy Wills, obìnrin oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ sí Bombay ní ìparí àwọn ọdún 1920. Ó bá àwọn aboyún òṣìṣẹ́ níbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, ó sì rí i pé Marmite, ohun dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń fi ìwúkàrà ilé ọtí ṣe, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ra búrẹ́dì, wò wọ́n sàn. Fólétì ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí fólétì ṣe ní ilé iṣẹ́ ní àárín àwọn ọdún 1940, wọ́n sáré fún àwọn aláìsàn Addison. Ẹ̀jẹ̀ wọn dára, ojú wọn tutù, ṣùgbọ́n iṣan ara wọn ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń ṣọ́ra títí di òní kí wọ́n má fi fólétì bo àìtó B12 mọ́lẹ̀.

Ìṣòro ńlá tí ó kù ni ti ìwọ̀n. Bí o bá fẹ́ fa ohun kan jáde láti inú ẹ̀dọ̀, o ní láti mọ̀ bóyá ó wà nínú apá tí o dì mú tàbí nínú apá tí o dà nù. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí ó wà nígbà náà ni aláìsàn tòótọ́: kí o fún un, kí o dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kí o wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn aláìsàn tí a kò tíì tọ́jú kò pọ̀ mọ́, nítorí ẹ̀dọ̀ ti ń wò wọ́n sàn. Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Ibí ni oúnjẹ ojoojúmọ́ ti wọ inú ìtàn, mo sì gbà pé ibi tí ó dùn jù nìyí. Obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Mary Shorb, ti ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, níbi tí ó ti ń tọ́jú bakitéríà kan tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ wàrà, Lactobacillus lactis Dorner lórúkọ rẹ̀. Bakitéríà yìí nira láti bọ́. Kò ní dàgbà àfi bí a bá fi omi ẹ̀dọ̀ kún oúnjẹ rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ka èyí sí wàhálà, kí ó sì máa da omi ẹ̀dọ̀ sí i lọ. Shorb bi ara rẹ̀ léèrè pé: ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn aláìsàn ń wá nínú ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò yìí náà ń wá? Nígbà tí ó dé Yunifásítì Maryland, ilé iṣẹ́ Merck fún un ní 400 dọ́là láti fi wá ìdáhùn. Ó rí i pé bí omi ẹ̀dọ̀ kan bá ṣe lágbára tó lára aláìsàn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni bakitéríà rẹ̀ ń dàgbà tó nínú rẹ̀. Ó ti rí òṣùwọ̀n. Dípò kí wọ́n máa dúró ti aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan, ìgò kékeré kan ń dá wọn lóhùn ní ọjọ́ díẹ̀.

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí, Karl Folkers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Merck fa horo wẹ́wẹ́ pupa jáde láti inú ẹ̀dọ̀, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1948. Ní ọdún kan náà, Lester Smith ti ilé iṣẹ́ Glaxo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ohun kan náà láìlo kòkòrò Shorb. Kò pẹ́ tí àwọn ará Merck fi rí ohun mìíràn tí ó yà wọ́n lẹ́nu: B12 wà nínú omi tí wọ́n ti ń bọ́ Streptomyces griseus, bakitéríà inú ilẹ̀ tí ń ṣe oògùn ikọ́ ife, streptomycin. Kòkòrò tí kò ní ẹ̀dọ̀, tí kò jẹ ẹ̀dọ̀, òun ni ó ń ṣe ohun inú ẹ̀dọ̀! Láti ìgbà náà ni ojú ti kúrò lára màlúù, tí ó sì yí sí àwọn òṣìṣẹ́ tòótọ́.

Ohun púpọ̀ tí ó ti ń dá ojú rú tẹ́lẹ̀ wá yé ènìyàn. Ní Ọsirélíà, ní 1935, wọ́n ti rí i pé àwọn àgùntàn tí ń rù kú lórí pápá oko tútù kò ní àìsàn mìíràn ju pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní kóbọ́ọ̀tì, irú irin kan. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí àgùntàn ń fi irin náà ṣe. Nígbà tí wọ́n rí B12, wọ́n bá kóbọ́ọ̀tì ní àárín rẹ̀ gangan. Àwọn kòkòrò ikùn àgùntàn ni ó nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ wọn. Bí wọn kò bá rí i, ọwọ́ wọn á dilẹ̀, ẹni tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ á sì kú. Dorothy Hodgkin, ní Oxford, ni ó fi ìmọ́lẹ̀ x-ray ka bí gbogbo ẹ̀yà fítámì náà ṣe so mọ́ra, ó parí rẹ̀ ní 1956, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1964. Ní 1972, Robert Woodward àti Albert Eschenmoser parí bí ènìyàn ṣe lè fi ọwọ́ tò ó pọ̀ nínú yàrá ìwádìí. Ó gbà wọ́n ní ọdún mọ́kànlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn olùwádìí tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ sì lé ní 90. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ kan tí ń gba ọ̀nà wọn. Bakitéríà ń ṣe é ní owó pọ́ọ́kú.

Ọ̀kan nínú àwọn bakitéríà tí ilé iṣẹ́ ń lò, inú oúnjẹ ni ó ti wá. Ní 1906, Eduard von Freudenreich àti Sigurd Orla-Jensen, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bern, ní Switzerland, rí i nínú wàràkàṣì Emmental, èyí tí ihò ńláńlá máa ń wà lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí kòkòrò náà ń tú jáde ni ó ń lu àwọn ihò náà. Propionibacterium freudenreichii ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjèèjì kò mọ̀ pé ó ń ṣe fítámì, nítorí pé ọ̀rọ̀ fítámì gan-an kò tíì dáyé nígbà náà. Ìdí ihò ni wọ́n ń wá. Àwọn ará Switzerland sì ti ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran láìmọ orúkọ rẹ̀.

Irú ìtàn báyìí tún wáyé lórí tempe, oúnjẹ àwọn ará Java ní Indonéṣíà. Ẹ̀wà sóyà sísè ni, tí èébu funfun hù bò títí yóò fi dì bí àkàrà. Wọ́n ti mọ̀ pé B12 wà nínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì rò pé èébu náà ni ó ṣe é. Ní 1977, Irene Liem, Keith Steinkraus àti ẹnì kẹta wọn yẹ tempe tí a rà ní Toronto wò. Wọ́n fi èébu nìkan ṣe tempe, ní mímọ́ tónítóní: fítámì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀. Bakitéríà kan tí ó tẹ̀lé èébu wọlé láìpè ni ó ni iṣẹ́. Èyí ni pé ẹni tí ó bá tún oúnjẹ náà ṣe jù, tí ó lé gbogbo àlejò jáde, ó ti lé olóore lọ pẹ̀lú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi padà sílé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, S. A. Odunfa gbé ìwádìí jáde ní 1981 lórí àwọn kòkòrò tí ń sọ horo igi ìgbá di irú. Olórí wọn ni Bacillus subtilis. Ẹ̀yà kan náà ni ó ń sọ ẹ̀wà sóyà di natto ní Jàpáànù, oúnjẹ tí ń yọ̀ tí ń fà, tí òórùn rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ irú pẹ̀tẹ̀. Natto lókìkí fún fítámì K2, tí ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, kòkòrò yìí ni ó sì ń ṣe é. Ó tún mọ B2 ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kò mọ B12 ṣe rárá. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń polówó pé ẹni tí ó bá ti ń jẹ irú kò nílò ẹja tàbí ẹran mọ́, ọkàn mi kì í balẹ̀. Irú dára ju bí wọ́n ti ń sọ lọ ní ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ̀nà yẹn.

Ti ògì náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1970, I. A. Akinrele, ti ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Oshodi, tẹ ìwádìí jáde lórí bí àgbàdo ṣe ń kan. Lactobacillus plantarum ni ó ń fún ògì ní kíkan, ṣùgbọ́n ó rí òmíràn níbẹ̀, Aerobacter cloacae ni wọ́n ń pè é nígbà náà, tí ń fi B2 àti náyásìnì kún un. Èrè náà wà, òfò sì tún wà: nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, èèrí ń kó púpọ̀ nínú oore àgbàdo lọ sí ẹnu ewúrẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Oshodi fi ṣe ògì alásóyà fún àwọn ọmọdé. Ìyá àgbà tí ó tọ́ mi, kò jẹ́ da omíkan orí ògì nù. Ó máa ń fi rẹ àgbo. N kò bi í léèrè ìdí nígbà ayé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà tí àwọn olùwádìí gbà lára búrẹ́dì. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní Tucumán, ní Ajẹntínà, kéde pé bakitéríà kan láti inú ìyẹ̀fun kíkan, Lactobacillus reuteri, ń ṣe B12. Ayọ̀ pọ̀. Ní 2007, nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò dáadáa, ayédèrú ni: ó jọ B12 lójú bakitéríà òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ara ènìyàn kò lè lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà pé ó wà nínú spirulina, ewé inú omi aláwọ̀ búlúù òun ewéko. Òṣùwọ̀n Shorb àti ti àwọn tí ó tẹ̀lé e gba ìṣẹ́gun fún wa, síbẹ̀ kòkòrò kì í ṣe ènìyàn. Ohun tí ó yó òun lè má yó wa.

Ní báyìí, àwọn ilé iṣẹ́ kan fẹ́ máa fi kòkòrò ẹyọ kan tí a ti ṣà ṣe irú àti ògì, kí adùn rẹ̀ má baà yí padà láti ìgbá dé ìgbá, kí kòkòrò àrùn má sì wọ̀ ọ́. N kò lòdì sí i. Mo ti jẹ irú tí ó bàjẹ́ rí. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ka gbogbo ẹni tí ó wà nínú igbá àwọn ìyá wa, kí wọ́n mọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Bacillus megaterium, ìbátan Bacillus subtilis, mọ B12 ṣe, àwọn olùwádìí kan sì ti bá a pàdé nínú irú, bí kò tilẹ̀ pọ̀. Ẹnì kan lè mú un ní ọ̀kúnkúndùn, bí wọ́n ti mú ti wàràkàṣì.

Títí di ìgbà náà, ẹni tí ń wá B12 nínú ọbẹ̀ wa, ẹja ni kí ó wò, àti ẹran, ẹ̀dọ̀ pàápàá, ẹyin, àti wàrà àwọn Fúlàní. Àwọn àgbàlagbà tí ikùn wọn ti ń rẹ̀, àti àwọn tí kì í jẹ ohunkóhun tí ó ti ara ẹranko wá, kí wọ́n bi oníṣègùn wọn léèrè nípa ti oníhóró tàbí abẹ́rẹ́. Ìtàn gààrí àti àwọn kòkòrò tirẹ̀ ni mo ń kó jọ lọ́wọ́. Bí Elédùmarè bá fún wa ní àyè, òun ni yóò tẹ̀lé èyí.